Oògùn Inú Àpótí Paan

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, a kò sì gbọdọ̀ já wọn ní irọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn oṣù Bhadro, oṣù tí ooru ń mú bí iná, kò tí ì gbọ́ òwe náà. Oòrùn tí ń mú èso agbọn-olódù pọ́n lórí igi, tí páànù òrùlé fi ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà lẹ́gba, kì í béèrè bóyá ẹ̀sọ̀ lo fi mú nǹkan rẹ tàbí agbára. Ohun tó bá bá lábẹ́ páànù náà ló ń sè.

Ní ẹ̀bá odò Rupsha ní ìlú Khulna, níbi tí àwọn ilé onípáànù ti fara ti ara wọn bí èrò inú ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ kò tí ì là tán nígbà tí Ìyá Kohinur kírun àsùbáà tirẹ̀ tán. Kò síná. Arúgbó náà fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ etí sáárì rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè sí pẹpẹ, ó sì ṣí àpótí paan rẹ̀.

Àpótí náà kì í ṣe ẹgbẹ́ àpótí. Idẹ tí ń kọ mànà ni, ẹrù ìyàwó tó bá a jáde nílé bàbá rẹ̀. Ọmọdé-ò-gbọdọ̀-fọwọ́kàn, amójú-àlejò-dán, àpótí tó mọ àṣírí ilé tí kò rò ó fún ará ìta. Ewé paan, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń jẹ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì, wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú aṣọ pupa tí a rẹ sómi kó má baà rọ. Àwọn abọ́ kéékèèké tò sókè: ẹfun nínú ọ̀kan, tábà nínú òmíràn, èso líle tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú èyí tó kángun sí ẹ̀gbẹ́ ni oògùn Morzina, ìyàwó ọmọ rẹ̀, wà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ra oògùn náà ni Ìyá Kohinur ti máa ń tú gbogbo rẹ̀ kúrò nínú káàdì. Ìka rẹ̀ ti gan, kò lè máa tẹ bébà dídán kiri nínú òkùnkùn. Ó sì kó o sínú àpótí nítorí Poli, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ohunkóhun tó bá funfun kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ta ni yóò bá a wí? Ibi tó níyì jù nínú ilé ló fi oògùn ọmọ ọlọ́mọ sí.

Ó mú hóró kan, ó ka àdúrà sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sí i lórí.

“Bísímíláì. Gbà, ìyàwó. Ọlọ́run ní ń woni sàn.”

“Àmín, Ìyá.”

Morzina gbé e mì pẹ̀lú omi. Ó ta tábà díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá ni, ó rò ó bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ó sì jókòó ti ìrẹsì àná tó wà nínú omi, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ tí a fi iná yan.

Edé ni ara Morzina kò gbà. Kì í jẹ ẹ́. Orí edé ló ń gé, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dì í sínú yìnyín ránṣẹ́ sókè òkun. Omi edé á máa ta sí i lápá, ara á máa yún un, yóò sì wú ní pupa pupa bí ibi tí agbọ́n ta. Oògùn tó ń lò láràárọ̀ ló fi ń bá a yí. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, oògùn náà kò jẹ́ mọ́. Òun ìbá sì fara dà á, bí kò bá ṣe ti òní. Òní ni Khodeja, ọ̀gá àwọn obìnrin tí ń gé edé, yóò yan àwọn tí yóò wọlé sí iṣẹ́ àṣepẹ́, iṣẹ́ tí owó oṣù ń bá rìn. Ó ti kìlọ̀ fún wọn: ẹni tí ara bá sú lọ́wọ́, kó má wulẹ̀ tò.

Ó na ọwọ́ síta ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Wíwú àná kò tí ì lọ. Òmíràn ti tún gun ọrùn ọwọ́.

“Ìyá, kò tí ì rọlẹ̀ o.”

“Lo òmíràn sí i.”

Ó lo òmíràn. Ó dúró. Ó ń họra. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Lẹ́nu ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin ti tò garawa. Shiuli tó ń gbé yàrá kejì ló kọ́kọ́ rí i.

“Ìyá Poli! Ṣé agbọ́n lo lọ bá jà ni, àbí agbọ́n ló wá bá ọ jà?”

“Fi mí sílẹ̀, Shiuli. Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ wo? Khodeja á ní wọ́n ti fi ìwọ náà sínú yìnyín.” Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n ní ayédèrú oògùn ló kún ìgboro báyìí. Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á?”

Morzina kò tí ì la ẹnu nígbà tí Ìyá Kohinur dé ẹnu ọ̀nà, tó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

“Ọ̀dọ̀ ta ni ìbá tún jẹ́? Horipodo ni! Horipodo onígíláàsì! Ẹfun ló ń rọ bí oògùn tó fi ń gba owó lọ́wọ́ aláìní! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹni bá tún fẹsẹ̀ kan ìsọ̀ ọkùnrin yẹn, ikú ló lọ rà!”

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó di ti gbogbo àdúgbò. Ẹnìkan rántí pé òun ra oògùn ibà níbẹ̀ tí kò jẹ́. Òmíràn ní àbúrò òun náà. Ẹ̀kẹta fẹ́ mẹ́nu ba ẹ̀sìn ọkùnrin náà, pé kì í sáà ṣe ọ̀kan nínú wọn. Lutfor, ọkọ Morzina, tó ń fi gíríìsì ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù rẹ̀, yíjú sí i.

“Ìyẹn kọ́ la ń sọ. Bó bá jalè, olè ni yóò máa jẹ́.” Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ tó fi kọ́rùn. “Ìyá, ẹ bù ú sí mi lọ́wọ́. Lónìí ni yóò jẹ ẹfun rẹ̀ lójú gbogbo ayé.”

Ìyá Kohinur bu díẹ̀ sínú bébà fún un. Lutfor gba iwájú, Morzina tẹ̀ lé e, Shiuli gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ láìpọn omi, èrò sì tọ̀ wọ́n lẹ́yìn bí ẹni ń lọ wo ìran.

Horipodo, olóògùn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní dókítà, ń wọ́n omi síwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí eruku lè jókòó. Ó wo èrò náà láti orí gíláàsì rẹ̀ tó fi okùn so mọ́ etí.

“Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé gbogbo àdúgbò ló ṣàìsàn pọ̀ ni?”

“Dókítà, má bá wa ṣẹ̀fẹ̀!” Lutfor ju bébà náà sórí dígí. “Kí ni ìwọ ń tà fún wa? Wo ọwọ́ ìyàwó mi! Wò ó dáadáa!”

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ Morzina. Ó tú bébà. Morzina náà sún mọ́ ọn, nítorí kò tí ì rí oògùn yìí lójú ọ̀sán rí láti ìgbà tí Ìyá ti ń kó o sínú àpótí. Òkùnkùn àárọ̀ ni ó ti ń gbà á, ẹnu ló sì ń lọ tààrà. Ó yà á lẹ́nu. Kò funfun. Etí rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà tó ń jẹ paan. Méjì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Horipodo fi ìka tẹ ọ̀kan, ó sì rún bí ẹfun tó mu omi.

Ó gbé e sí imú. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

“Lutfor,” ló wí pẹ̀lẹ́, “ta ló ń jẹ paan nílé yín?”

Shiuli bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ìjà ni wọ́n bá wá. Àwọn tó kù wo ara wọn. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Lutfor dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ìró òkò tirẹ̀.

Horipodo fa àpótí àfàyọ onígi kan tó wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn, níbi tí oòrùn kì í dé. Ó yọ ààbọ̀ káàdì jáde.

“Ìyókù èyí tí mo gé fún yín rèé. Àwo kan náà ni wọ́n ti bù ú.” Ó tẹ hóró kan jáde. Ó dún tíntín lórí dígí, ó funfun, ó le. “Mélòó lo ti lò láàárọ̀ yìí, ìyá ọmọ?”

“Méjì. Nínú ìyẹn.”

“Ẹ má dán an wò mọ́! Oògùn tí ooru àti ọ̀rinrin ti jẹ, kò sẹ́ni tó mọ iye agbára tó kù nínú rẹ̀. Ó lè ṣe díẹ̀, ó lè má ṣe rárá.” Ó fi omi sínú ife fún un. “Lo ọ̀kan yìí, kí o sì jókòó síbí kí n máa wò ọ́. Ọjọ́ tó bá mú ọ lọ́fun, tí èémí ń há, má wá sọ́dọ̀ mi o. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọ sáré lọ.”

Morzina lò ó, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èrò náà ń tú ká díẹ̀díẹ̀; ìran tí kò sí ìjà nínú rẹ̀ kì í dùn ún wò. Àwọn tó dúró sẹ́yìn jìnnà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ paan, ẹfun ni wọ́n ń rò káàkiri bí wọ́n ti ń lọ sílé. Nígbà tó yá, yíyún náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí omi odò tó ń padà. Inú rẹ̀ yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ìbínú ló ń gùn ún.

“Dókítà, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?”

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé kò gbọdọ̀ rí ooru. Pé kò gbọdọ̀ jáde nínú bébà rẹ̀.”

“Ó wà lára páálí, ìyá ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ibi gbígbẹ, ibi tútù, ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i.”

“Páálí wo? Ìgbà wo lẹ fún wa ní páálí rí?” Ó dìde. “Ẹni tó lówó ra odidi ló ń rí ìwé kà. Àwa tí à ń ra ààbọ̀, abala bébà tí a fi ń di ẹ̀pà lẹ fi ń wé e fún wa. Ṣé oòrùn tiwa ló tutù ju ti àwọn olówó lọ ni?”

Horipodo bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù. Ó tún un wọ̀.

“Òótọ́ lo sọ,” ló wí. “Mo gé e, mo tà á, n kò la ẹnu.”

Ó gé ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú tiwọn fún un láti inú ààbọ̀ káàdì náà, hóró kọ̀ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀. Kò gba owó. Lutfor sì gbé e wọ inú àpò pẹ̀lú bébà tí wọ́n mú wá.

Ilé iṣẹ́ ti pa ilẹ̀kùn dé kí Morzina tó dé. Khodeja wà lábẹ́ agbòòrùn níta pẹ̀lú àwọn tó ti yàn. Ó pè é mọ́ra, ó yí ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ ẹja wò.

“O pẹ́. O sì tún gbé ọwọ́ pupa wá bá mi.”

“Ọ̀gá, ó ń lọ ni. Ẹ wò ó, ibí yìí ti pẹlẹbẹ. Oògùn ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Oògùn rẹ kọ́ ni mò ń yàn síṣẹ́.” Ó ju ọwọ́ náà sílẹ̀. Bóyá àánú ṣe é, bóyá ó ku ẹnìkan kí iye tó ń wá pé. “Ọ̀la. Ìdájí. Bí mo bá rí wíwú kan ṣoṣo, bó ti wù kó kéré, má yọjú síbí mọ́.”

“Ọ̀gá, bí ẹ bá lè fún wa ní ìbọ̀wọ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù…”

“Ìbọ̀wọ́ ń bẹ. Ọjọ́ tí àwọn oníbàárà òkè òkun bá wá yẹ iṣẹ́ wò, ẹ ó wọ̀ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tí wọ́n yàn náà ń wo ilẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ẹ̀wà olómi ni wọ́n jẹ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kíkorò, kò sí ẹja, nítorí iṣẹ́ tí a kò ṣe kì í mú ẹja wálé. Ooru inú yàrá náà tó èyí tí ó lè yọ́ ìda. Lẹ́yìn ilé ìdáná, Lutfor àti ìyàwó rẹ̀ ń jà ní ohùn ìsàlẹ̀.

“Má sọ fún un,” ni Lutfor wí.

“Kí n wá ṣe é báwo?”

“Máa gba tọwọ́ Ìyá, kí o dà á nù. Máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ wa.”

“Kí n máa ra oògùn méjì? Kí n gbé ọ̀kan mì, kí n fi ìkejì bọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé? Pẹ̀lú owó wo?”

“Ìyá mi ni, Morzina! Ó ti dàgbà. O fẹ́ kí n lọ sọ fún un pé àpótí rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́?”

“Ìyá tèmi náà ni. Lójoojúmọ́ ló ń gbàdúrà sí oògùn náà kó tó fún mi. Ṣé àdúrà yẹn ni kí n máa dà nù?” Ó gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. “Horipodo ńkọ́? Wọ́n ti fi ẹrẹ̀ pa ara ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ láti ìyálẹ̀ta. O gbọ́, àbí o kò gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Ìwọ lo ṣáájú wọn débẹ̀.”

Lutfor bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí tí kò yún un. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó lè ju bébà sórí dígí ọlọ́jà láàárọ̀ kò lè dojú kọ ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án.

Morzina dúró di ẹ̀yìn ìrun Àlàásárì. Ìyá Kohinur ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti ń yà díẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ rẹ́ èso líle tí wọ́n fi ń jẹ paan, Poli sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Morzina gbé omi tútù wá. Ó jókòó sílẹ̀, kò jókòó sórí ẹní. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

“Ìyá, ẹ kú ojú oorun ọmọ.”

“Ọwọ́ rẹ ti rọlẹ̀. Mo rí i. Kí ni Horipodo wí? Ó jẹ́wọ́?”

“Kò sí ohun tó jẹ́wọ́, Ìyá. Oògùn rẹ̀ dára.”

Ọ̀bẹ náà dúró.

“Kí ló wá mú ọwọ́ rẹ wú?”

Morzina rántí ọ̀la, ó rántí ìdájí, ó rántí ojú Khodeja. Ó tú bébà tó gbà lọ́wọ́ Lutfor kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó gbé hóró oògùn méjì sórí ẹní nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́: ọ̀kan funfun, ọ̀kan tó ti pọ́n tó ti rọ̀.

“Ọjọ́ kan náà la ra àwọn méjèèjì. Èyí wà nínú káàdì rẹ̀. Èyí ti inú àpótí yín wá. Ooru páànù ń bá a lókè, ọ̀rinrin ewé ń bá a nísàlẹ̀. Ìyá, ẹ̀yin lẹ tọ́jú mi, ẹ̀yin lẹ tọ́jú ọmọ mi kó má baà gbé e jẹ. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ẹ kò tọ́jú. Ibi tí ẹ fi í sí ni kò gbà á.”

“Ọmọ mẹ́ta ni mo fi nǹkan inú àpótí yìí wò,” ni arúgbó náà wí, ohùn rẹ̀ le. “Ewé, egbò, oyin. Ìyá mi fi wò mí. Òní ló wá di májèlé?”

“Kì í ṣe májèlé, Ìyá. Ewé fẹ́ omi, ẹ sì mọ ohun tó fẹ́. Èyí fẹ́ gbígbẹ ni. Ẹ jẹ́ kó máa wà nínú káàdì rẹ̀, nínú àpótí aṣọ mi lábẹ́ ibùsùn, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó tutù. Ó ní kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ Poli kò ní tó o. Láràárọ̀ n ó gbé e wá fún yín kí ẹ ṣàdúrà sí i kí n tó lò ó. N kò fẹ́ kí àdúrà yẹn yẹ̀ mí.”

Ìyá Kohinur mú hóró tó pọ́n. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó rún. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ sáárì, ó tún nù ún, bí ẹni pé ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kò fẹ́ lọ. Níta, lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ohùn ọ̀kan nínú àwọn tó dúró sẹ́yìn láàárọ̀ ń lọ sókè: ó ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí Horipodo ṣe ń rọ ẹfun lóòru, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Kohinur ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Arúgbó náà gbọ́. Omi tútù tí Morzina gbé wá kò rí ẹni mu ún.

Ó dìde, ó gbé àpótí idẹ náà kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó da oògùn tó kù nínú abọ́ sínú kòtò ìdọ̀tí, ó sì bo erùpẹ̀ lé e kí adìẹ má baà ṣà á. Ó fa etí sáárì rẹ̀ bo orí dáadáa bí ẹni tí ń lọ bá àna sọ̀rọ̀. Ó wo ọ̀nà tó lọ síbi ìsọ̀ oògùn.

“Ìyàwó,” ló wí, “gbé ọmọ yẹn pọ̀n. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mú mi dé ọ̀dọ̀ Horipodo kó tó ti ilẹ̀kùn.”